Ìtò Fáìlì Kọ̀ǹpútà Ní Ìtẹ̀lé Ọjọ́: Bí A Ti Í Mọ Ẹ̀dà Tí Ó Kẹ́yìn

Ní ọ́fíìsì ìjọba, bí lẹ́tà kan bá wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí akọ̀wé ń ṣe sí i ni pé yóò fi òǹtẹ̀ ọjọ́ lù ú. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ nọ́ńbà sí i lórí, tí yóò sì fi okùn so ó mọ́ inú fáìlì rẹ̀, ti ìsinsìnyí lókè, ti àtijọ́ nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí fáìlì náà kò ní pẹ́ kí ó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró, nítorí pé ìwé tí ó gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ti kúrò lórí pẹpẹ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, òǹtẹ̀ náà kò parẹ́. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń lù ú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Kò sí fáìlì tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀ tí kò ní kọ ọjọ́ àti wákàtí sí lára. Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ bí a ti í wo òǹtẹ̀ yìí, àwọn tí ó sì mọ bí a ti í wò ó pàápàá, púpọ̀ nínú wọn ni kò mọ ohun tí ó ń wí. Ti àwọn ẹni kejì yìí ni ó léwu jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó ṣe àpẹẹrẹ. Ìparí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ fẹ́ pín èrè. Akọ̀wé ní láti tẹ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde pẹ̀lú iye ìpín tí olúkúlùkù ní, kí akápò lè fi san owó. Ó ṣí fódà ẹgbẹ́, ó bá fáìlì mẹ́rin níbẹ̀: “Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́”, “Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́ Tuntun”, “Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́ Tuntun Gan-an”, àti “Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́ Àṣekágbá”. Èwo ni kí ó tẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ní oṣù kẹjọ ni ìgbìmọ̀ yí ìpín ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó ti di olóògbé sí orúkọ opó rẹ̀, inú ẹ̀dà kan ṣoṣo sì ni orúkọ obìnrin náà wà. Bí akọ̀wé bá mú ẹ̀dà mìíràn, orúkọ òkú ni akápò yóò pè ní ọjọ́ ìpàdé, opó yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bí a bá ti pín owó tán kí a tó rí àṣìṣe náà, ọ̀rọ̀ di aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà “tuntun” kì í pẹ́ gbó lára fáìlì. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní èṣí ti di àlòkù lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. “Àṣekágbá” sì burú jù ú lọ, nítorí pé kò sí àṣekágbá tí àtúnṣe kan kì í tún tẹ̀lé.

Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows, irú èyí tí a ń bá ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń báni tẹ̀wé, àtirí ọjọ́ wọ̀nyí kò gba ìṣẹ́jú kan. Kí akọ̀wé ṣí fódà náà. Ní òkè, yóò rí ọ̀rọ̀ náà “View”. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà wo fáìlì yóò jáde. Àwọn kan ń fi àwòrán ńlá ńlá hàn; wọ́n dára fún fọ́tò, ṣùgbọ́n wọn kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé wọn kì í fi ọjọ́ hàn. “Details” ni kí ó yàn. Lójú ẹsẹ̀, àwọn fáìlì yóò tò sí ìlà kọ̀ọ̀kan bí ìwé àkọsílẹ̀ owó. Lábẹ́ “Name” ni orúkọ fáìlì wà, lábẹ́ “Date modified” ni ọjọ́ tí a tún un ṣe kẹ́yìn, “Type” ń sọ irú fáìlì tí ó jẹ́, “Size” sì ń sọ bí ó ti tóbi tó.

Kí ó wá tẹ orí òpó “Date modified” lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo fáìlì inú fódà náà yóò tún ara wọn tò ní ìtẹ̀lé ọjọ́. Bí ti àtijọ́ bá wà lókè, kí ó tún ibẹ̀ tẹ̀, ti ìsinsìnyí yóò sì gòkè. Nígbà tí ó bá parí, bí ó bá tẹ “Name”, wọn yóò padà sí ìtò a-b-d wọn. Kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni pé òun yóò ba nǹkan jẹ́. Ìtò yìí kò yí ohun kan padà nínú fáìlì, bí ìgbà tí ènìyàn bá tún káàdì tò lọ́wọ́ ni.

Ẹni tí kò bá rí orí òpó wọ̀nyí lè fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ibi tí ó ṣófo nínú fódà, kí ó yan “Sort by”, kí ó sì yan “Date modified” níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni “Group by” wà, èyí tí ń pín àwọn fáìlì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: ti òní, ti àná, ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2019 ni Windows ti ń to fódà “Downloads” báyìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè rẹ̀, èyí sì mú kí àwọn kan rò pé fáìlì àwọn ti fọ́n ká. Wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́ ni a pín wọn sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le díẹ̀ nìyí. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ń kọ sára fáìlì ju ẹyọ kan lọ. “Date created” ni ọjọ́ tí ẹ̀dà náà dé ibi tí ó wà. “Date modified” ni ọjọ́ tí a yí ohun inú rẹ̀ padà kẹ́yìn tí a sì fi í pamọ́. Fọ́tò tún máa ń ní ẹ̀kẹta, “Date taken”, èyí tí í ṣe ọjọ́ tí a yà á. Láti rí àwọn tí kò hàn, a ó fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orí òpó èyíkéyìí, a ó sì fi àmì sí èyí tí a ń fẹ́ nínú àwọn orúkọ tí yóò jáde. Bí kò bá sí níbẹ̀, a ó yan “More”.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu níbí: fáìlì lè ní ọjọ́ àtúnṣe tí ó ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí a bá kọ ìwé kan ní oṣù kejì ọdún 2023, tí a sì fi fláàṣì gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, kọ̀ǹpútà kejì yóò kọ 2024 sí “Date created”, nítorí pé ìgbà náà ni ẹ̀dà yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò fi “Date modified” sílẹ̀ ní 2023, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tún ohun inú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Bí ọmọ tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn ni, tí ìwé ilé tí ó dé sí kò sì mọ̀ ju ọjọ́ tí ó wọlé lọ.

Nítorí náà, “Date modified” ni ó súnmọ́ ohun tí akọ̀wé ń wá jù. Síbẹ̀, kò yẹ kí ó gbà á gbọ́ ní àgbàtán. Ká ní ó ṣí ẹ̀dà ti oṣù kẹta láti yẹ nǹkan kan wò. Bí ó bá wò ó lásán tí ó sì pa á dé, ọjọ́ rẹ̀ kì í sábà yí padà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì kan bọ́tìnnì, tí ààyè òfo kan wọ àárín ọ̀rọ̀ méjì, tí kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí òun fi àtúnṣe náà pamọ́, tí òun náà sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀dà oṣù kẹta ti di ti òní. Yóò gòkè lọ jókòó lórí ẹ̀dà oṣù kẹjọ, orúkọ opó yẹn yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò parọ́, nítorí pé lónìí ni a fọwọ́ kan fáìlì náà lóòótọ́. Ìbéèrè tí ó dáhùn ni pé, èwo ni a fi pamọ́ kẹ́yìn? Èyí tí akọ̀wé ní lọ́kàn ni pé, nínú èwo ni ìpinnu ìgbìmọ̀ wà? Kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá a dáhùn èyí.

Fáìlì tí ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé a máa tanni jẹ bákan náà. Bí alága bá ní ẹ̀dà ti èṣí lórí fóònù rẹ̀, tí ó sì fi WhatsApp tàbí ímeèlì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ní òwúrọ̀ yìí, ọjọ́ tí akọ̀wé gbà á sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń kọ sí i. Òun ni yóò wà lókè pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó gbó jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ tí ó wà lára fódà pàápàá kò ṣeé gbọ́kàn lé. A lè tún fáìlì kan ṣe nínú fódà kí ọjọ́ fódà náà má yí padà. Ìgbà tí a bá fi fáìlì kún un, tàbí tí a yọ ọ̀kan kúrò, tàbí tí a pààrọ̀ orúkọ ọ̀kan, ni ti fódà ń yí.

Ohun tí ó tọ́ ni pé kí akọ̀wé ṣí fáìlì méjì tàbí mẹ́ta tí ó wà lókè, kí ó sì wá ohun kan nínú wọn tí ó dá a lójú pé òun ni ó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Nínú àpẹẹrẹ yìí, orúkọ opó náà ni. Ẹ̀dà tí kò bá ní in, kí ó pa á dé láìfi í pamọ́.

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí dúró lórí agogo inú kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ó rí bí owó kọ́bọ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ CR2032. Òun ni ó ń gbé agogo náà ró nígbà tí a bá pa iná. Bí ó bá kú, gbogbo ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà náà ni agogo rẹ̀ yóò máa padà sí ọdún àtijọ́ kan. Ìwé tí a bá kọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò lọ bọ́ sí ìsàlẹ̀ fódà, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì máa wá a lókè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bátìrì náà kò wọ́n, ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ń bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè máa tún agogo rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, bí a bá ti gbà á láàyè, tí a sì ti yàn fún un pé Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú agogo Greenwich.

Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Èyí tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá lè máa kọ ọjọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kọ ọ́, oṣù ṣáájú ọjọ́. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kọ 4/7/2024, ọjọ́ keje oṣù kẹrin ni ó ń wí, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù keje ni ẹni tí ó kàwé ní Nàìjíríà yóò kà níbẹ̀. Ìtò àwọn fáìlì náà yóò ṣì tọ́, nítorí pé ẹ̀rọ mọ ohun tí ó ń kọ. Ojú ẹni tí ń kà á ni yóò ṣìnà. Kí a wo ìlà mìíràn nínú fódà náà. Bí a bá rí 4/25/2024, àṣírí tú, nítorí pé kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ibi tí a ti ń yan orílẹ̀-èdè fún kọ̀ǹpútà náà, ní “Region”, ni a ti í tún un ṣe.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ó rí fáìlì tí ọjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980, tàbí ti ọdún 1970, tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì tíì tó ogún ọdún láyé. Ọdún 1980 ni ìkà ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ètò ìpamọ́ tí a ń pè ní FAT, tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ fláàṣì. Ọdún 1970 ni ti Unix, èyí tí ètò fóònù Android bá tan. Bí ọjọ́ fáìlì bá sọnù, òdo ni ẹ̀rọ ń kà, ibi tí ìkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò sì fi hàn.

Fún fọ́tò, “Date taken” ni kí a fi tò wọ́n, nítorí pé inú fọ́tò náà gan-an ni a kọ ọ́ sí, kì í sì í yí padà nígbà tí a bá gbé e láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Ìdílé tí ó ya fọ́tò ààlà ilẹ̀ rẹ̀, tàbí ìlú tí ó ya fọ́tò afárá tí omi gbé lọ, lè nílò ọjọ́ yìí lọ́la. Ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò bí a bá fi í rán fọ́tò bí a ti ń rán an lójoojúmọ́. Orúkọ tí fọ́tò náà ń jẹ́ níbi tí ó dé, bí IMG-20240315-WA0007, ní ọjọ́ nínú lóòótọ́, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 2024, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó rìnrìn àjò ni, kì í ṣe ọjọ́ tí a yà á. Kí a tọ́jú èyí tí ó wà lórí fóònù tí a fi yà á, tàbí kí a yan “Document” nígbà tí a bá ń fi í ránṣẹ́, kí ó lè dé bí ó ti wà.

Ọ̀nà kan wà tí fláàṣì, WhatsApp, bátìrì àti ọwọ́ àṣìṣe kò lè bà jẹ́, òun náà ni pé kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ tirẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ sínú orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀. Bí ó ti kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Bí ó bá fi orúkọ oṣù bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò tò wọ́n ní a-b-d: Agẹmọ, tí í ṣe oṣù keje, ni yóò wà lókè, Belu, oṣù kọkànlá, yóò tẹ̀lé e, Ṣẹ́rẹ́ tí ó ṣí ọdún ni yóò sì kẹ́yìn gbogbo wọn. Bí ó bá fi ọjọ́ ṣáájú bí a ti ń kọ ọ́ nínú lẹ́tà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù gbogbo, ti ọdún gbogbo, yóò kóra jọ sójú kan. Ọdún ni kí ó kọ́kọ́ kọ, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ sì gbẹ̀yìn: 2024-08-17. Àjọ ISO, tí ń fi ìlànà lélẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè, ti fi ọwọ́ sí ètò yìí láti ọdún 1988, nínú ìlànà rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8601. Kí ó kọ oṣù kẹjọ ní 08, má ṣe jẹ́ kí ó kọ 8 lásán, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ kan a máa to 10 ṣáájú 8 bí òdo náà kò bá sí níbẹ̀. Kí ó má sì lo ìlà tí ó dagun, bíi ti 17/08, láti pín wọn, nítorí pé Windows kò gbà á nínú orúkọ fáìlì.

Fáìlì mẹ́rin ẹgbẹ́ náà yóò wá máa jẹ́ “2024-03-09 Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́”, “2024-08-17 Orúkọ Ọmọ Ẹgbẹ́”, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tò wọ́n ní ìtẹ̀lé orúkọ, a ti tò wọ́n ní ìtẹ̀lé ọjọ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì fọwọ́ kan ti oṣù kẹta, “Date modified” rẹ̀ yóò yí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ yóò dúró sípò. Nígbà tí àtúnṣe tuntun bá dé, kí akọ̀wé kọ́kọ́ lo “Save As” láti fún ẹ̀dà tuntun ní ọjọ́ tirẹ̀ kí ó tó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú rẹ̀, kí ó sì kó àwọn ẹ̀dà ìṣáájú lọ sínú fódà kékeré kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní “Àtijọ́”. Kí ó má pa wọ́n rẹ́. Ọjọ́ kan lè dé tí wọn yóò béèrè iye ìpín tí olóògbé yẹn ní kí a tó yí i padà.

Ètò kan náà wúlò fún ẹni tí ó ń fi fóònù ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ibi tí a ti ń wo fáìlì ní “Sort by” tirẹ̀, a sì lè fi í to àwọn fáìlì ní ìtẹ̀lé ọjọ́ tàbí ti orúkọ.

Nígbà tí a bá sì tẹ ìwé náà jáde, kí ọjọ́ tí ó wà nínú orúkọ fáìlì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá dìde ní ọjọ́ ìpàdé pé wọn kò pe orúkọ òun, akọ̀wé yóò wo ìsàlẹ̀ ìwé, yóò wo fódà, yóò sì lè sọ lójú gbogbo ènìyàn, kí akápò tó ka owó mìíràn, bóyá ẹ̀dà tí ó tọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.